Ta Ni Abánidíje Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá? Àìní Oníbàárà àti Ìtúpalẹ̀ Abánidíje Nínú Àgbékalẹ̀ Ìrírí Aṣàmúlò

Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àkọtọ́. Láti ìgbà ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875, dé orí ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ Yorùbá ní ọdún 1965, títí kan àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, bí ó ṣe yẹ kí a kọ èdè náà sílẹ̀ ni ó jẹ wá lógún. Ìbéèrè mìíràn wà tí a kò tíì bi ara wa tó: irinṣẹ́ wo ni ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò lò, ta ni ó ṣe irinṣẹ́ náà, kí sì ni ẹni tí ó ṣe é rò pé akọ̀wé ń fẹ́? Àkọtọ́ wà nínú ìwé, ìka wà lórí bọ́tìnnì. Àárín méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí dúró sí.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí ó gba irú àárín bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Òun ni àgbékalẹ̀ ìrírí aṣàmúlò. Donald Norman ni ó sọ orúkọ náà di mímọ̀ nígbà tí ó wà ní iléeṣẹ́ Apple ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ lórí àgbékalẹ̀ àwọn ohun èlò ojoojúmọ́ ti jáde ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1988. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ta kókó: bí ilẹ̀kùn kan bá ń da gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ṣí i láàmú, ilẹ̀kùn náà ni kí a dá lẹ́bi. Àwọn tí ó tẹ̀lé e gbà pé kí ènìyàn tó ṣe irinṣẹ́ kankan, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ẹni tí ó ń ṣe é fún nílò, kí ó sì mọ ohun tí onítọ̀hún ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ kí tirẹ̀ tó dé. Ti àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ àìní oníbàárà. Èkejì ni ìtúpalẹ̀ abánidíje. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni n óò fi ṣàlàyé méjèèjì, nítorí kò sí ẹni tí ó ń kọ̀wé sí irú jọ́nà yìí tí kò tíì fojú winá rẹ̀. Èrò mi ni pé abánidíje tí ó le jù fún kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá mìíràn, àti pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ àìní akọ̀wé kò ní rí abánidíje náà rárá.

Oníbàárà àti aṣàmúlò

Ní ọjà wa, oníbàárà ni ẹni tí ó ń tà àti ẹni tí ó ń rà jọ máa ń pe ara wọn. Ìyá aláṣọ á ní "oníbàárà mi, ẹ yà síbí", ẹni tí ó ń rajà náà á sì dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ kan náà. Àwọn méjèèjì ń wo ojú ara wọn. Ìyá aláṣọ lè fi ojú wọn gígùn ẹni tí yóò wọ aṣọ. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sanwó lè jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, yunifásítì tàbí iléeṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹni tí yóò máa fi ìka tẹ bọ́tìnnì lè má gbọ́ láéláé pé ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan nítorí òun. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ ni mo ń pè ní oníbàárà. Ẹni tí ó ń lo iṣẹ́ náà ni aṣàmúlò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kan tí ó fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe kíbọ́ọ̀dù fún òun. Ohun tí yóò wà nínú ìwé tí wọn yóò kọ kò ní le láti mọ̀: kí lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé, kí àmì ohùn wà, kí gbogbo rẹ̀ bá àkọtọ́ òde òní mu. Kò sí èyí tí kò tọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá gba ìwé yẹn tí ó sì lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ yóò rí i pé álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní c, q, v, x àti z. Bọ́tìnnì márùn-ún tí kò níṣẹ́ nìyẹn! Kí ni ó tún kù ju pé kí a fi ẹ, ọ àti ṣ jókòó sórí mẹ́ta nínú wọn, kí a sì fi àmì ohùn sórí méjì yòókù? Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ CMS tí mo kọ sínú gbólóhùn kejì àpilẹ̀kọ yìí kò ṣeé tẹ̀ lórí irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Victoria Island kò ṣeé tẹ̀. Àdírẹ́sì íméèlì tí ó parí sí ".com" kò ṣeé tẹ̀. Aṣàmúlò yóò ní láti pa kíbọ́ọ̀dù Yorùbá dé, kí ó ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tún padà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìpínrọ̀ kan. Nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò ní padà mọ́.

Ìwé tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà kọ ṣe àpèjúwe èdè Yorùbá dáadáa. Ẹni tí ó ń sọ ọ́, tí ó ń gbé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, tí ó ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀, ni kò sí nínú rẹ̀. A lè kọminú sí àmúlùmálà èdè nínú kíláàsì wa, a sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣàgbékalẹ̀ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ ṣe irinṣẹ́ fún ìka bí ìka ṣe rí.

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà

Báwo ni a ṣe lè mọ àìní tí oníbàárà kò kọ sílẹ̀? Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a béèrè lọ́wọ́ aṣàmúlò, ọ̀nà náà sì ni ó máa ń ṣini lọ́nà jù. Jakob Nielsen ti kọ ọ́ ní ọdún 2001 pé òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni kí a má ṣe gbára lé ohun tí aṣàmúlò sọ. Ohun tí ó ṣe ni kí a wò. Hugh Beyer àti Karen Holtzblatt, ní àwọn ọdún 1990, sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó tètè yé ọmọ Yorùbá: wọ́n ní kí aṣàgbékalẹ̀ lọ ṣe bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ṣe irinṣẹ́ fún. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán kì í mú ìwé ìbéèrè tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Yóò jókòó tì í, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀, yóò máa bá a mú ìlàjì aṣọ. Ìgbà tí ọ̀gá bá ṣe ohun tí kò retí ni yóò tó béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi ṣe é báyìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbéèrè yẹn àti ti inú ìwé ni pé iṣẹ́ gan-an ni ó bí i.

Ẹni tí ó bá jókòó bẹ́ẹ̀ nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní ẹ̀bá yunifásítì yóò rí ohun tí ìwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kò sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó fọwọ́ kọ wá. Ẹni tí ó ń tẹ̀wé yóò tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, nítorí iye ojú ewé ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sanwó àmì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìwé náà, yóò sì fi báírò gún àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Bí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe ń parí iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ taipúráítà tẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí aṣàgbékalẹ̀ ṣàkíyèsí ni pé ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni ó fi dandan lé àmì, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sanwó, ẹni tí ó ń tẹ̀wé ni ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Bí a bá ṣe kíbọ́ọ̀dù tí ó tẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lọ́rùn tí ó sì dín iye ojú ewé tí ẹni kẹta lè tẹ̀ lójúmọ́ kù, a ti fi ebi pa á, kò sì ní lò ó.

Ohun kejì tí ojú yóò rí ni pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ibi tí wọ́n bá rò pé òǹkàwé lè ṣì kà ni wọ́n ń fi àmì sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kíbọ́ọ̀dù tí ó ń fi tipátipá béèrè àmì ní gbogbo ìgbà. Ó nílò èyí tí àmì wà nítòsí nígbà tí ó bá fẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Àwọn ènìyàn púpọ̀ wà tí Yorùbá wọn jinlẹ̀, tí wọ́n ń pòwe tí wọ́n sì ń pa á dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọn yóò ní kíbọ́ọ̀dù tí ó ní àmì ni àwọn ń fẹ́. Ẹ gbé e fún wọn, kí ẹ sì wo ọwọ́ wọn. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni "eko". Ẹnu wọn mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Èkó tí a ń gbé, ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àti ẹ̀kọ tí a ń mu. Kò sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní ìpè kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di kí a tẹ àmì, ọwọ́ á dúró lófuurufú. Ohun tí ẹni náà ṣaláìní ni ìdánilójú pé àmì tí òun fẹ́ tẹ̀ ni ó tọ́, kíbọ́ọ̀dù tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì fún un.

Ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ tàbí pásítọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n èdè kò fẹ́ kí àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀ rí i pé ó gbé àmì òkè sí ibi tí ti ìsàlẹ̀ yẹ. Ẹni tí kò fi àmì sí i rárá, ta ni yóò sọ pé ó ṣì í fi? Èyí kò ní hàn nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan, nítorí kò sí ẹni tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń tì í lójú fún àlejò.

Iye tí àmì kan ń náni

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Gbólóhùn yìí, "Ọmọ náà ti lọ sí ọjà", ní lẹ́tà 15. Àmì 8 ni ó wà lórí àti lábẹ́ àwọn lẹ́tà náà: mẹ́rin lábẹ́, mẹ́rin lókè. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá gba ìtẹ̀ kan péré, ohun tí ìka lè ṣe ní ìtẹ̀ 15 ti di 23 láìka àlàfo mọ́ ọn, ó fi ju ìdajì lọ. Lórí fóònù tí a ti gbọ́dọ̀ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àwọn ẹ̀dà rẹ̀ yóò fi yọ, kí a tó fi ìka wọ́ dé orí èyí tí a fẹ́, iye náà tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìka kọ́ ni ó ń jìyà jù. Stuart Card, Thomas Moran àti Allen Newell gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1983 tí ó kọ́ wa bí a ṣe lè fojú díwọ̀n àkókò tí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yóò gbà. Wọ́n fún ìtẹ̀ bọ́tìnnì kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.2 fún ẹni tí ó mọ ìwé tẹ̀ níwọ̀nba, wọ́n sì fún ìdúró-ronú kọ̀ọ̀kan ní 1.35. Èyí ni pé ìgbà kan ṣoṣo tí ènìyàn bá dúró láti ronú ju ìtẹ̀ mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá ń dúró lórí àmì ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú gbólóhùn wa yìí ti fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀ ṣòfò sórí ìrònú nìkan, nígbà tí lẹ́tà 15 tí kò lámì gba mẹ́ta péré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń polówó kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé ó dín ìtẹ̀ kan tàbí méjì kù ń tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe. Ìrònú ni kí ó dín kù. Bí a bá tẹ "eko" tí ẹ̀rọ sì gbé Èkó, ẹ̀kọ́ àti ẹ̀kọ síwájú wa kí a mú èyí tí a fẹ́, ẹni tí kò lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè dá èyí tí ó tọ́ mọ̀, nítorí ó rọrùn púpọ̀ láti dá nǹkan mọ̀ ju láti rántí rẹ̀ lọ.

Àwọn abánidíje tí a mọ̀

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gbọ́dọ̀ rìn yí ká kí ó rí ohun tí ó ti wà nílẹ̀. Windows ti ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá. Lórí Mac, àwọn ọ̀mọ̀wé ń lo ètò tí a ń pè ní ABC Extended, èyí tí ó ń fi bọ́tìnnì Option gbé àmì abẹ́ lẹ́tà àti ti òkè wá láìmú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kankan kúrò nílé rẹ̀. Lórí fóònù, Gboard ti Google wà, SwiftKey tí Microsoft rà ní ọdún 2016 náà sì wà. Àwọn tí ó wà nídìí YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún Mac àti Windows. Kọnyin wà pẹ̀lú, kíbọ́ọ̀dù gidi tí ó fi bọ́tìnnì shift kún èyí tí a mọ̀ kí ó lè gba lẹ́tà àwọn èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 2007 ni LANCOR tí ó ni ín pe iléeṣẹ́ One Laptop Per Child lẹ́jọ́ ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ àgbékalẹ̀ kíbọ́ọ̀dù.

Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń túpalẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni pé wọ́n á ya àtẹ, wọ́n á to orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á to ohun tí ó yẹ kí wọ́n ní sí òkè, wọ́n á wá máa fi àmì sọ pé ó ní i tàbí kò ní i. Àtẹ bẹ́ẹ̀ a máa dùn ún wò nínú ìjábọ̀, ṣùgbọ́n kò ju bí ìgbà tí a ń ka iye ewé orí igi láti mọ bí èso rẹ̀ ṣe dùn tó. Ó sàn kí a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí aṣàmúlò ń ṣe lóòótọ́, kí a sì fi abánidíje kọ̀ọ̀kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a fi wọ́n kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá ẹni, pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan, àdírẹ́sì íméèlì kan àti òwe kan nínú rẹ̀, kí a fi ránṣẹ́, kí a sì lọ ṣí i lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó gbà á.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro máa ń fi ara pamọ́ sí. Ní Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn. Á, à, é àti è náà ní tiwọn, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Kóòdù méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń so pọ̀ kí wọ́n tó jáde: a lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ kí a fi àmì òkè lé e, a lè bẹ̀rẹ̀ láti é kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, a sì lè bẹ̀rẹ̀ láti e lásán kí a fi méjèèjì sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe dáadáa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè wá "ọ̀rọ̀" nínú àkójọ iṣẹ́ tí ó mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un pé kò sí. Kí Unicode tó gbilẹ̀, ìyà náà burú ju báyìí lọ: àwọn fọ́ǹtì àkànṣe ń fi lẹ́tà Yorùbá sí ipò àwọn àmì mìíràn, ẹni tí kò bá sì ní fọ́ǹtì náà á rí kìkì jágbajàgba. Aṣàmúlò kò ní sọ pé Unicode ni ó ń dà á láàmú. "Àpótí ni mo ń rí" ni yóò sọ, tàbí "àmì náà ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́". Iṣẹ́ aṣàgbékalẹ̀ ni láti túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà lára àwọn abánidíje àtijọ́. August Dvorak gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ ní ọdún 1936 lórí ètò kíbọ́ọ̀dù tí ó gbà pé ó ya ju QWERTY lọ. Títí di òní, QWERTY ni ó wà lábẹ́ ìka wa. Ọwọ́ tí ó ti mọ ibì kan kì í fẹ́ ṣí kúrò níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó bá ní kí aṣàmúlò tún ibi tí e àti s wà kọ́ ti ń bá ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún tí ọwọ́ náà fi kọ́ṣẹ́ jà.

Àwọn abánidíje tí kò sí nínú àtẹ

Michael Porter, nínú àròkọ rẹ̀ ti ọdún 1979 lórí àwọn agbára tí ń darí ìdíje nínú òwò, kìlọ̀ pé ẹni tí ń ta irú ọjà wa nìkan kọ́ ni ó ń bá wa díje. Ohunkóhun tí oníbàárà lè fi rọ́pò ọjà wa wà lára wọn. Clayton Christensen fi kún un pé kí a béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn gba ọjà náà sí, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé nígbà mìíràn, ohun tí a ń bá díje ni kí ènìyàn má lo nǹkan kan rárá.

Kí ni ènìyàn ń fi rọ́pò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá? Àwọn kan ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà láti inú ìwé tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń lo àpótí àmì inú Word, tàbí kí wọ́n kọ́ Word láti máa pààrọ̀ "eko1" sí "ẹ̀kọ́" fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi àmì sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lófìfo. Iṣẹ́ Iroro Orife ti ọdún 2018 jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kíbọ́ọ̀dù fẹ́ ṣe ni ó ń ṣe, ó sì ń mú ìdúró-ronú kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé pátápátá. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù, òun ni ǹ bá máa ṣọ́.

Èyí tí ó tún le ju ìyẹn lọ ni ohùn tí a ń ká sílẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tí ó dé ní ọdún 2013. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo kò ní láti mọ àmì kankan. Ẹnu rẹ̀ yóò gbé gbogbo ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ síbi tí ó yẹ, láìsí àṣìṣe, láìsí ìtìjú. Kò jọ mí lójú pé ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn, ni a fi ń pe èyí tí a ń ká sílẹ̀ àti èyí tí a ń fi àmì rẹ̀ sórí lẹ́tà. Ẹ̀rọ náà ti ṣe ohun tí àkọtọ́ ń wá láti ọdún 1875. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó di ìwé: a kò lè yára wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, a kò lè fà á yọ nínú àpilẹ̀kọ, bí fóònù bá sì sọnù, ó ṣeé ṣe kí ó bá a lọ. Kíbọ́ọ̀dù tí ó bá fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a jà níbi tí ó ti lágbára. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa fi ìwé ṣe ni kí ó gbájú mọ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn kò ní orúkọ, kò ní iléeṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì polówó rẹ̀. Òun ni kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lásán tí a fi ń kọ Yorùbá láìsí àmì. Ọ̀fẹ́ ni, orí gbogbo ẹ̀rọ ni ó wà, ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n, kì í sọ àmì di àpótí lójú ẹni tí ó gbà á, kì í sì í dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń ka iṣẹ́ náà á fi òye gbé àmì sí i. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù tí mo dárúkọ sókè, òun ni ó ń borí wọn lójoojúmọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ara wọn wéra nínú àtẹ.

Ìdí tí ó fi yẹ kí èyí kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni pé kò parí sórí WhatsApp. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ́ èdè ń kọ́ ọ láti inú ohun tí a kọ. Láti kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń dá àmì padà sí ọ̀rọ̀, ìwé tí àmì rẹ̀ pé ni a nílò. Irú rẹ̀ kò pọ̀, Bíbélì sì wà lára àwọn tí a rí lò. Ẹ̀rọ tí ó bá kọ́ Yorùbá láti inú Bíbélì yóò mọ àmì "wòlíì" àti "májẹ̀mú" dáadáa. Ti inú ọjà, ti gáréèjì àti ti yàrá ìdáná lè ṣòro fún un. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí a fi sílẹ̀ láìlámì ń dín ohun tí ó kù láti fi kọ́ ọ kù.

Yorùbá ta ni?

Ó ku ibì kan tí àìní oníbàárà àti ti aṣàmúlò ti ń yapa ju gbogbo èyí tí a ti sọ lọ. Ìwé ìbéèrè a máa sọ pé kíbọ́ọ̀dù "fún gbogbo ọmọ Yorùbá" ni. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Kétu, ní Ṣakétẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ó kọ́ Yorùbá kíkọ nípasẹ̀ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà ń kọ ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, àti kp dípò p. Kíbọ́ọ̀dù Faransé, AZERTY, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Lójú rẹ̀, kò sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú kíbọ́ọ̀dù tí a ṣe pẹ̀lú àkọtọ́ ọdún 1974. Mi ò sọ pé kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà yí àkọtọ́ rẹ̀ padà nítorí èyí. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ gedegbe pé àwọn wo ni òun ń ṣe é fún, àwọn wo ni kò sí nínú rẹ̀, kí aṣàgbékalẹ̀ má baà rò pé òun ti ṣe tán.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni yóò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kò ní to iye lẹ́tà sínú rẹ̀. N óò ní kí wọ́n mú ẹni tí ń tẹ̀wé nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, olùkọ́ tí kò mọ àmì í fi sí, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àjàṣẹ́, kí wọ́n fún wọn ní ojú ewé kan náà láti tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ran wọ́n lọ́wọ́. N óò ní kí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lásán tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi tuntun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a padà lọ wo èyí tí ó wà lórí fóònù wọn.